Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́, Ọwọ́ Ará Ìlú: Ìdásílẹ̀ Dar al-Ulum ní Mẹ́kà àti Ohun Tí Ó Kọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Àdúgbò kan wà ní ìlú Mẹ́kà tí wọ́n ń pè ní al-Tandabawi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní Takruni. Orúkọ yìí wá láti ara Takrur, ìjọba àtijọ́ kan tó wà létí odò Sẹ̀nẹ̀gà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti di orúkọ fún gbogbo Mùsùlùmí tí orírun rẹ̀ bá jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbáà ṣe Haúsá, Fúlàní, Kànúrí tàbí Yorùbá. Àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Bọ̀rnú, Dáfúrù àti Súdáànì já, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ sọdá Òkun Pupa sí Jẹ́dà. Ìrìn-àjò náà a máa gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn mìíràn a bímọ lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn kò sì padà sílé mọ́.

Kì í ṣe àwọn nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Bukhara wà ní Mẹ́kà, àwọn ará Índíà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Jawi, ìyẹn àwọn ará erékùṣù Indonéṣíà àti ilẹ̀ Màláyà. Ìbéèrè kan náà ló dojú kọ gbogbo wọn: báwo ni ọmọ wọn yóò ṣe mọ èdè Lárúbáwá, tí í ṣe èdè ẹ̀sìn àti ti ìmọ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́ láti máa tijú èdè ìyá rẹ̀?

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìdáhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jawi fún ìbéèrè náà ní 1934 yẹ̀ wò, ó sì fi wé ìrírí ilé kéwú àti ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ohun méjì ló ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni dúró, ìpinnu àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àti ọrẹ àwọn tó yí wọn ká. Èdè tí a bá bọ̀wọ̀ fún nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe èèṣì. Èdè àwọn tó pinnu àti àwọn tó tọrẹ ni.

Ẹ̀bùn obìnrin kan láti Kàlìkọ́tà

Nígbà tí àwọn ará Índíà dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1857 tí ọwọ́ ìjọba sì borí wọn, àgbà onímọ̀ kan, Rahmatullah al-Kairanawi, sá kúrò nílùú rẹ̀, ó sì fi Mẹ́kà ṣe ibùgbé. Ó ń kọ́ni nínú Mọ́sáláṣí Mímọ́, ṣùgbọ́n ó wù ú kí ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó ní kíláàsì àti ìlànà tí yóò máa gbé ọmọ láti ìpele kan dé òmíràn. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò náà ni obìnrin ọlọ́rọ̀ kan láti Kàlìkọ́tà, Sawlat al-Nisa, wá ṣe Hájì. Ó ní i lọ́kàn láti kọ́ ilé tí àwọn arìnrìn-àjò yóò máa wọ̀ sí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní Mẹ́kà, ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ó gbọ́, ó sì fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, ó kọ́ ọ. Ní nǹkan bí 1874 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Al-Kairanawi kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é; orúkọ obìnrin náà ni ó fún un, al-Sawlatiyya.

Ní Jẹ́dà, ní 1905, oníṣòwò kan, Muhammad Ali Zainal Alireza, dá ilé-ẹ̀kọ́ al-Falah sílẹ̀, ó sì dá èkejì rẹ̀ sílẹ̀ ní Mẹ́kà ní 1912. Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú tirẹ̀ náà. Ìjọba Ottoman ló ń ṣàkóso Hijaz nígbà náà, èdè Túrkì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ fi ọmọ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Al-Falah fi èdè Lárúbáwá kọ́ni, owó tí ó sì fi ṣe é kò ti àpò ìjọba wá. Èyí ṣe pàtàkì fún ìtàn tó ń bọ̀: àwọn Lárúbáwá Hijaz pàápàá ti mọ bí ó ti ń rí kí a máa fi èdè ẹlòmíràn kọ́ ọmọ ẹni nínú ilé ara ẹni.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn tó bá rò pé ọ̀nà ìgbàlódé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ ara wọn yóò yí èrò wọn padà bí wọ́n bá wo bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ ní Mẹ́kà àtijọ́. Nínú àyíká ìjókòó tí wọ́n ń pè ní halqa, olùkọ́ a jókòó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a yí i ká. Bí olùkọ́ bá ti dìde, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan a tún ẹ̀kọ́ náà sọ fún àwọn tí kò yé. Wọ́n ní orúkọ fún un: mu'id, ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ.

Láàárín àwọn Jawi, iṣẹ́ yìí tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Snouck Hurgronje, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tó gbé ní Mẹ́kà fún oṣù díẹ̀ ní 1885, ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti erékùṣù wọ̀nyẹn ṣe máa ń kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wọn, ní èdè tiwọn, kí wọ́n tó lè jókòó nínú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Èdè Màláyù ni afárá tí àlejò fi ń sọdá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣáájú ló sì ń fà á lọ́wọ́. Ẹni tó bá wó afárá náà kò ṣe Lárúbáwá lóore kankan. Ńṣe ni ó dènà àwọn tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ní Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Ìwó yóò rí ojú ilé rẹ̀ nínú àpèjúwe yìí. Nínú ilé kéwú, ọmọ tó ti dé ìdajì Kùránì ló ń di ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka lẹ́tà mú. Òun ló ń yẹ wàláà rẹ̀ wò, òun ló ń gbọ́ ohun tó há sórí kí Àfáà tó gbọ́ ọ. Bí ó ti ń kọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i.

Ọdún 1934

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1940, ìyà ń jẹ Mẹ́kà. Ètò ọrọ̀ ajé àgbáyé ti wó, ìlú náà sì gbára lé àwọn arìnrìn-àjò Hájì. Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn nínú 1920 sí 1930, iye àwọn tó ń ti òkè òkun wá ti ju 100,000 lọ lọ́dún kan. Nígbà tí yóò fi di 1933, wọn kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ìjọba Sáúdí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ yìí ní 1932, kò tíì rí epo rọ̀bì. 1938 ni epo tó tó tà jáde. Kò sí ẹni tí yóò pe irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní àkókò ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Ní àkókò yìí gan-an ni ìjà ṣẹlẹ̀ ní al-Sawlatiyya, níbi tí àwọn ọmọ Jawi ti pọ̀ gidigidi. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé olùkọ́ kan bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn èdè Màláyù. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó tàbùkù àwọn Jawi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ wọn fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò ní tiwọn. Muhsin al-Musawa, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan láti Palembang, ló ṣáájú wọn. Bí wọ́n ṣe dá Dar al-Ulum al-Diniyya sílẹ̀ ní 1934 nìyẹn.

Àṣà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìbínú lè mú akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò nínú kíláàsì, kò lè san owó ilé. Àwọn Jawi tó ń gbé Mẹ́kà, títí kan àwọn tó ń gba arìnrìn-àjò sílé, dá owó jọ. Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn ará ilé ní òkun kejì fi tiwọn kún un. Nínú ọdún tí owó wọ́n gógó, kì í ṣe ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi tọrẹ.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ní 1935, nǹkan bí ọdún kan péré lẹ́yìn ìdásílẹ̀, Muhsin al-Musawa kú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí. Dar al-Ulum kò parí. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní al-Sawlatiyya ni Yasin al-Fadani, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Padang wá, tí wọ́n bí sí Mẹ́kà. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó di olùkọ́ níbẹ̀, nígbà tó yá ó di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Títí ó fi kú ní 1990, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló ń wá gba àṣẹ ìmọ̀ Hádíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rin ìrìn náà ló wá jókòó sí àga olórí.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ sí al-Sawlatiyya pẹ̀lú. Ìjà kan kò pa orúkọ rere rẹ̀ run, àwọn Jawi kan kò sì kúrò lára rẹ̀. Muhammad Zainuddin Abdul Madjid, akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, padà sí erékùṣù Lombok, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Pancor ní 1937, ó sì dá ti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1943. Irúgbìn tí obìnrin Kàlìkọ́tà gbìn ń so èso ní ilẹ̀ tí kò dé rí.

Láti Mẹ́kà dé Agége

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a lè fi wé àwọn olùdásílẹ̀ wọ̀nyí ni Àdámù Àbdùláì al-Ilori. Wọ́n bí i ní 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ní 1952, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1955 ó gbé e lọ sí Agége. Ó mú ọmọ kúrò lórí ẹní àti awọ ẹran, ó fi sórí bẹ́ǹṣì, níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ káàkiri ìlú, gẹ́gẹ́ bí ti Lombok.

Ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà gbé irú ẹ̀kọ́ yìí ró ti wà tipẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé kéwú, ọmọ a máa mú owó kékeré wá ní ọjọ́rú, owó Alárùba. Sàráà wà, ọrẹ oúnjẹ wà. Bí ọmọ bá sì parí Kùránì, wòlíímọ̀ a dé: òbí, ẹbí àti aládùúgbò a péjọ, ọmọ a kàwé níwájú wọn, wọn a sì náwó fún òun àti Àfáà rẹ̀. Owó náà kò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró, ojú gbogbo ènìyàn sì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n ná an sí.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà tí kò yẹ kí ó fò wá. Ọmọ Markaz tó bá jáde sí òpópónà Agége, Yorùbá ni yóò gbọ́. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe wáàsí, Yorùbá ni wọ́n fi ń túmọ̀ ohun tó kà. Ẹnikẹ́ni kò ní láti dáàbò bo èdè rẹ̀, nítorí pé ìlú ń ṣe é fún un. Ọmọ Jawi ní Mẹ́kà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìròyìn rẹ̀ bá ya, kò sí Màláyù mìíràn ní òpópónà tí yóò gbé e ró.

Àgbálọgbábọ̀

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Jẹ́dà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ Agége nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ ọmọ Jawi ni. Nítorí náà, ẹni tó bá kó ètò ilé kéwú lódindi lọ sí òkè òkun, tí ó sì retí pé Yorùbá yóò bá a lọ fúnra rẹ̀, ń retí ohun tí ìlú nìkan lè ṣe. Ohun tí àwọn ọmọ 1934 ṣe ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè sí ìdí ìpìlẹ̀, kì í ṣe sí etí rẹ̀.

Ohun méjì ni a lè mú ní tààrà. Èkíní ni pé kí a fi iṣẹ́ ìkọ́ni lé ọmọ tó ti mọ díẹ̀ lọ́wọ́ ní kùtùkùtù, nítorí pé èdè tí ọmọ fi kọ́ ẹlòmíràn kì í tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni ti owó. Ẹ̀bùn ńlá ẹnì kan lè kọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bí Sawlat al-Nisa ti ṣe, ṣùgbọ́n owó Alárùba tí gbogbo òbí ń mú wá ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí ni ọmọ àwọn ń kọ́, àti ní èdè wo.