Gíga Òkè Kọ́ Ni Líle Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn òkè òjò dídì ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń de pátákó gígùn tí wọ́n ń pè ní síkì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkè tí ó ga jù ni ó le jù. Bí a bá fi òkè méjì tí kò tóbi púpọ̀ wé ara wọn, àṣìṣe èrò yìí yóò hàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣi ògbóǹtarìgì lọ́nà ni àmì ẹ̀bá ọ̀nà. Róbótó aláwọ̀ ewé dúró fún ọ̀nà tí ó rọrùn, onígun mẹ́rin aláwọ̀ aró fún ọ̀nà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, dáyámọ́ńdì dúdú fún èyí tí ó le. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà orí òkè kan ṣoṣo ni àmì náà fi ń wé ara wọn. Dáyámọ́ńdì dúdú ti òkè kan lè má le ju onígun mẹ́rin ti òkè mìíràn lọ.

Ẹ wo Mad River Glen ní ìpínlẹ̀ Vermont. Láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, nígbà tí ti Jackson Hole ní Wyoming lé ní 4,000. Síbẹ̀ ó ń dẹ́rù ba akọni. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ há, wọ́n sì rí kọ́lọkọ̀lọ láàrin igi. Ẹ̀rọ kì í sábà tẹ́ ojú wọn, òjò dídì tí a fi ẹ̀rọ ṣe kò sì pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà òkúta, gbòǹgbò àti yìnyín a máa yọjú. Àga tí ń gbé ẹnì kan ṣoṣo lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ṣe ní 1948, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2007, ni ó ń dín èrò orí òkè náà kù. Àwọn tí ń yọ̀ níbẹ̀ gan-an ni wọ́n da owó jọ rà á ní 1995.

Bridger Bowl, nítòsí Bozeman ní Montana, ní ìṣòro tirẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 ẹsẹ̀ bàtà. Òjò dídì ibẹ̀ gbẹ, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dé góńgó tí wọ́n ń pè ní Ridge yóò fi ẹsẹ̀ gun ún, àárín ògiri òkúta ni yóò sì gbà sọ̀kalẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni òkìtì òjò dídì tí ó lè ya lulẹ̀ lójijì, kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí olúkúlùkù gbé ẹ̀rọ kékeré kan sára, èyí tí yóò máa fi àmì ránṣẹ́ láti abẹ́ òjò dídì, kí àwọn tí ń wá a lè mọ ibi tí wọn yóò hú.

Èwo ni ó le jù nínú àwọn méjèèjì? Ní Mad River Glen, ẹsẹ̀ ni òkè ń dán wò: ẹni tí kò bá lè yí padà kíákíá yóò kọlu igi. Ní Bridger Bowl, làákàyè ni: ẹni tí ó bá ṣi ọ̀nà yàn lókè lè má rí àtúnṣe nísàlẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan dunjú kò tíì mọ èkejì. Kí ògbóǹtarìgì tó gbéra, kí ó bèèrè bí ọ̀nà ti há tó, bí òjò dídì ọjọ́ náà ti rí, àti ohun tí ó wà nísàlẹ̀ bí òun bá ṣubú. Ẹni tí ó bá fi gíga nìkan díwọ̀n òkè, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.