Iye Ìgbà Tí Ọkàn Yóò Lù Nígbà Tí Ènìyàn Bá Ń Sáré

Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù bí ìgbà 60 sí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i. Nítorí náà ọkàn a yára lù. Bí eré náà ti ń le sí i ni ìlù náà ń pọ̀ sí i, títí yóò fi kan òpin tí kò lè kọjá. Òpin yìí a máa rẹlẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń ga. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àgbà fi eré ọ̀dọ́ wọn ti ara rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a sábà fi ń ṣírò òpin náà. Èkíní, tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn ìwé tí Fox, Naughton àti Haskell kọ ní ọdún 1971, ni pé kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Èkejì ni ti Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kó ìwádìí lórí ènìyàn tí ó lé ní 18,000 jọ ní ọdún 2001: kí a sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po 7, kí a fi 10 pín in, kí a sì yọ èyí tí ó bá jáde kúrò nínú 208. Fún ẹni 40 ọdún, 180 ni méjèèjì. Fún ẹni 60 ọdún, ti ìṣáájú jẹ́ 160, ti ìkẹyìn jẹ́ 166.

Karvonen, ará Finland, fi hàn ní ọdún 1957 pé ó yẹ kí a ka ìlù ọkàn ìgbà ìsinmi mọ́ ọn. Kí ẹni 60 ọdún náà fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò kí ó tó dìde lórí ibùsùn, kí ó ka ìlù náà fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ 70, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú 166. Yóò ku 96. Ìdajì rẹ̀ ni 48. Bí a bá fi 70 kún un, ó di 118. Eré tí ó bá mú ọkàn rẹ̀ lù tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba fún un.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe òfin. Òpin ẹni méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba lè fi ìlù 20 yàtọ̀ síra. Oòrùn, òùngbẹ àti ibà a máa mú ọkàn yára ju bí a ti rò lọ; àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan a sì máa fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹni tí ń sáré máa dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ó bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, eré rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, eré náà ti le. Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ìbáà ṣe pé ìlù ọkàn rẹ̀ kò tíì dé iye tí a ṣírò.