Orí àti Ẹsẹ̀: Bí Ènìyàn Ṣe Lè Mọ Ẹ̀bùn Rẹ̀ Kí Ó sì Lò Ó

    

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí bí ènìyàn ṣe lè mọ ẹ̀bùn tí ó bá a wá sáyé, kí ó sì lò ó débi tí yóò fi ṣe òun àti ẹlòmíràn láǹfààní. Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wa ni: “Bàbá, kí ni ọmọ yìí yóò ṣe láyé?” Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ìdáhùn lọ́kàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó tí wọn yóò fi síwájú Ifá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orí ni ìpìlẹ̀

Nínú ìmọ̀ Ifá, ọ̀dọ̀ Orí ni ẹ̀bùn ti ń wá. Orí tí à ń wí kì í ṣe èyí tí à ń dé fìlà sí. Orí inú ni. Àwọn àgbà pín ọ̀rọ̀ ìpín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí a fi ẹnu ara wa yàn. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́ kí ìyàn wa lè ṣeé ṣe. Àyànmọ́ ni èyí tí a yàn mọ́ wa, tí a kò lè yí padà, bí irú ìdílé tí a bí wa sí.

Ògúndá Méjì sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan fún wa: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì fẹ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú lọ. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn mú orí tó wù wọ́n. Orí náà lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kò jiná. Bí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà, òjò pa wọ́n, orí náà sì ń fọ́ dànù díẹ̀díẹ̀.

Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rúbọ. Iyọ̀ àti owó wà nínú ohun ẹbọ náà. Ó rú u, ó sì mú lára rẹ̀ dání lọ. Lọ́nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Inú oníbodè dùn, ó sì là á lọ́yẹ̀ nípa ilé Àjàlá. Nígbà tí ó débẹ̀, ó bá olówó kan tó wá sin gbèsè, Àjàlá sì ti sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó wá bá a yẹ orí wò títí tó fi rí èyí tó le. Òjò pa á bí ó ti pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò fọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìtàn náà kò sọ pé Afùwàpẹ́ gbọ́n tàbí lágbára ju àwọn yòókù lọ. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe: ó bèèrè, ó fúnni nínú ohun tó ní, ó sì ní sùúrù títí tí ó fi rí ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé orí rìn

Ifá tún sọ fún wa nípa àwọn orí tí wọ́n pe ìpàdé tí wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìpàdé náà kò yọrí sí rere. Ìjà ni wọ́n fi tú u ká. Ẹsẹ̀ ni ìgbìyànjú, òun ni iṣẹ́ àṣekára. Ẹni tí a fi ohùn dídùn dá lọ́lá tí kò kọ́ ìyẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ní ikin nílé tí kò mọ Odù ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ Ifá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ọmọ awo kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ mẹ́jọ ni yóò fi mọ bí Odù ṣe ń hù. Yóò mọ Ojú Odù 16, lẹ́yìn náà 240 tó jẹ́ ọmọ wọn, tí gbogbo rẹ̀ fi pé 256. Yóò kọ́ ẹsẹ̀ Ifá, yóò kọ́ ẹbọ, yóò kọ́ ewé, yóò kọ́ ìyẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ awo ló ń kọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ọ̀kan yóò máa rántí ẹsẹ̀ Ifá bí ẹni pé ó kà á sínú ìwé. Òmíràn yóò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ Ifá tu ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nínú.

Èmi kò ní ohùn. Nígbà tí mo bá sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa rẹ́rìn-ín, ojú a sì máa tì mí débi tí mo fi ń ronú àtisá lọ sílé. Olúwo mi kò bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé bí a bá rán wa lọ já ewé, n kì í ṣi òdúndún mú fún ewé mìíràn, mo sì máa ń rántí ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan wà nínú igbó, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ sóko ní òun nìkan. Síbẹ̀, kò yọ̀ǹda ìyẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tó mọ ewé tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí a ń bá ewé sọ, ẹrù igi lásán ni ó rù wálé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn: ẹ fi ọ̀pọ̀ agbára yín sí ibi tí ẹ̀bùn yín wà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀bùn ṣe àwáwí fún èyí tí ẹ kò mọ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Kò yẹ kí n sọ ti olúwo mi kí n fi tèmi pamọ́. Ọmọ awo kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé orin ni ti rẹ̀. Bó bá ń gúnyán, yóò máa kọrin. Bó bá ń lọ ewé, yóò máa kọrin. Mo ń bá a wí pé ariwo ni. Mo fẹ́ kí ó mọ ewé bí èmi, nítorí pé ewé ni ó sọ mí di ènìyàn. Ní ọdún kẹta, ó kẹ́rù rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo lọ sí ọdún Ifá ní ìlú mìíràn. Mo gbọ́ ẹni tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àwo ń gbè é, tí omi ń bọ́ lójú àwọn àgbà. Òun ni. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ kò ṣẹ̀ mí.” Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ṣẹ Orí rẹ̀. Mo ti fẹ́ fi orí tèmi dé e lórí.

Ohun tí a ó mú lọ sílé

Ẹ̀yin òbí, bí a bá ṣe ìkọsẹ̀dáyé fún ọmọ yín, ẹ rántí ohun tí Ifá wí, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọmọ náà fúnra yín. Ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ máa ń sọ púpọ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rò pé ó ti pẹ́ jù, ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹlòmíràn sábà máa ń rí ẹ̀bùn wa kí àwa tó rí i. Ẹ tọ olùkọ́ lọ, bí Afùwàpẹ́ ti tọ bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ bọ Orí yín, kí ẹ sì dìde ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé ìwà. Olúkúlùkù Odù ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bùn. Èèwọ̀ ohùn dídùn ni irọ́. Èèwọ̀ ìmọ̀ ewé ni ìkà. Èèwọ̀ agbára ni ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá ń jẹ èèwọ̀ ẹ̀bùn rẹ̀, òjò kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ orí rẹ̀.

Kí Orí wa má ṣe padà lẹ́yìn wa. Kí Ẹsẹ̀ wa má ṣe kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí a má ṣe dí ọ̀nà Orí ọmọ tí a fi sí wa lọ́wọ́. Àṣẹ.