RẸ́DÍÒ TÓ Ń GBA ÈSÌ! Wáyà kan péré ló ń bá a tọ́jú ìwé rẹ̀

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ rẹ́díò, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Àmọ́ rẹ́díò kan wà tó ń sọ, tó tún ń gbà. Èèyàn lè jókòó sí Dùgbẹ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House, kó na wáyà sórí òrùlé, kó sì bá ará Jámánì tàkùrọ̀sọ, láìsí fóònù, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó ń lò ó ló ní orúkọ orí afẹ́fẹ́. 5N ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń fi díje! Ọ̀kan tó lókìkí ni CQ World Wide, tó ti wà láti 1948. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń fi ẹnu sọ ọ́. Aago 1 òru Sátidé ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wákàtí 48 gbáko! Ará Nàìjíríà tó bá bá ará Yúróòpù sọ̀rọ̀ gba máàkì 3, ará Gánà 1. Kálukú gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnìkejì, aago, nọ́ńbà agbègbè rẹ̀ (35 ni tiwa), àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti pàdé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo ìyá tó ń ta àwìn lọ́jọ́ ọdún, tí èrò ṣù bò ó. Bí kò bá kọ ọ́ dáadáa, ta ni yóò san gbèsè? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Wọ́n máa ń fi ìwé tọ̀tún tòsì wé ara wọn. Bí tìrẹ bá sọ pé mítà 20, tí ti ẹnìkejì sọ pé mítà 15, máàkì lọ nìyẹn. Bí o bá ṣi orúkọ kọ, wọn á tún bu owó ìtanràn lé e, máàkì ni wọ́n fi ń san án.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so rẹ́díò mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ọwọ́ bá ti yí rẹ́díò kúrò ní ọ̀nà kan sí òmíràn, wáyà ti sọ fún kọ̀ǹpútà, òun náà ti kọ ọ́. Ó ń kọ aago, ó sì ń pariwo bí o bá fẹ́ pe ẹni tí o ti pè tẹ́lẹ̀. Àmọ́ etí rẹ ni yóò gbọ́ orúkọ, ìka rẹ ni yóò tẹ̀ ẹ́. Wáyà ò gbọ́ nǹkan kan o!

Rẹ́díò tuntun ní ihò USB lẹ́yìn, irú èyí tí a fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ti àtijọ́ ń fẹ́ àpótí kékeré láàárín, torí iná tí wáyà méjèèjì ń gbé kò dọ́gba. Ẹni tó bá so ó ní tààrà lè jó rẹ́díò. Lẹ́yìn náà, kí o ṣètò kí àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìyára kan náà. Bí ọ̀kan bá yára ju èkejì lọ, wọn ò ní gbọ́ra wọn yé. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì nígbà tí o ń sọ̀rọ̀, agbára rẹ́díò ló ń gba wáyà padà wọlé. Fi òrùka dúdú onírin kan há wáyà náà.

Ẹ̀yin atúnrẹ́díòṣe, iṣẹ́ yín rèé! Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, tí òpó fóònù wó, tí iná mànàmáná lọ, rẹ́díò yìí á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí bátìrì mọ́tò. Ẹni tó ti fi ìdíje kọ́ra láti gbọ́ orúkọ dáadáa, tó sì kọ ọ́ láìṣì, òun ni yóò lè sọ fún ìyá kan pé, "Ọmọ rẹ wà láàyè, ibi báyìí ló wà."

Ẹ kíyè sí i: àṣẹ ìjọba ni a fi ń lò ó, a kò sì gbọdọ̀ fi polówó ọjà. Ẹni tó bá ti so irú wáyà yìí rí, kó kọ̀wé sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.