Touchpad kọṣẹ́ lórí Windows àtijọ́: Ògbufọ̀ ló sábà máa ń sọnù

Bí èèyàn bá ń ka àwọn ohun tó ń mú kí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná, touchpad kò ní gbẹ́yìn níbẹ̀. Òun ni àwo pẹlẹbẹ tó wà níwájú kíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n máa ń fi ìka rá kí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà lè máa rìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows 7 tàbí Windows XP sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tán ni àwo náà máa ń dákẹ́. Oníkọ̀ǹpútà á fọwọ́ rá a títí, ọfà kò ní mira. Bó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n lè sọ fún un pé touchpad ti jóná, tàbí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, owó ńlá sì ni wọ́n máa bù lé e. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe àwo náà rárá. Ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò sí nílé.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ṣì ń lo Windows 7, nígbà tí Microsoft tó ṣe é ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020, tí wọ́n sì ti pa Windows XP tì láti ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2014. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé lè ní ẹ̀rọ kan tó ṣì ń tẹ̀wé dáadáa, àmọ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kò ṣe ohun tí yóò jẹ́ kó bá Windows tuntun ṣiṣẹ́. Oníṣòwò lè ní ìṣirò owó ọ̀pọ̀ ọdún nínú ètò kan tí kò ṣí lórí Windows mìíràn. Kì í ṣe pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ tuntun, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ló so wọ́n mọ́ àtijọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí touchpad ń ṣe. Lábẹ́ àwo náà ni wọ́n to àwọn okùn iná tín-ín-rín sí, àwọn kan dúró lóòró, àwọn kan dábùú. Iná díẹ̀ ló wà nínú wọn. Nítorí pé ara èèyàn máa ń gba iná, bí ìka bá ti bà lé àwo náà, iná tó wà lójú ibẹ̀ yóò yí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́yìn àwo náà ló ń ṣírò ibi tí ìka wà àti ibi tó ń lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí bírò tàbí igi kò fi lè ṣe iṣẹ́ ìka níbẹ̀. PowerBook 500 tí Apple gbé jáde lọ́dún 1994 wà lára àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tó kọ́kọ́ ní irú àwo yìí. Lónìí, orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń ṣe é fún kọ̀ǹpútà Windows: Synaptics tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, Alps ti ilẹ̀ Japan, àti ELAN ti Taiwan.

Kò sí èyí tó lè bá Windows sọ̀rọ̀ tààrà nínú wọn. Touchpad ń sọ èdè tirẹ̀, Windows ń sọ èdè tirẹ̀, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe dírẹ́bà tó ń wa dánfó lọ̀rọ̀ kàn níbí o. Ògbufọ̀ ni driver yìí, òun ló ń gbọ́ ti ọ̀tún kó tó sọ ọ́ di èyí tó yé ti òsì. Bí wọ́n bá pa Windows tó wà lórí ẹ̀rọ kan rẹ́, tí wọ́n gbé òmíràn sí i, gbogbo àwọn ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé èdè tí touchpad ń sọ kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ti àtijọ́ ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní PS/2, tí IBM gbé jáde lọ́dún 1987. Touchpad tó bá ń gba ọ̀nà yìí máa ń ṣe bíi máòsì lásán, gbogbo Windows ló sì mọ máòsì. Ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní I2C, èyí tí Philips ti ṣe fún ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ láti ọdún 1982. Windows 8 tó jáde lọ́dún 2012 ni Windows àkọ́kọ́ tó wá pẹ̀lú ògbufọ̀ tirẹ̀ fún touchpad tó ń gba ọ̀nà I2C. Windows 7 ti jáde ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, lọ́dún 2009, Windows XP sì ti wà láti ọdún 2001. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀, àwọ̀n àtijọ́ sì ni Windows 7.

Láti ara èyí ni èèyàn ti lè mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Bí ọfà bá ń rìn, àmọ́ tí ìka méjì kò lè yí ojú ìwé sókè sódò, ó ṣeé ṣe jù pé ọ̀nà PS/2 ni touchpad náà ń gbà, driver iléeṣẹ́ tó ṣe é nìkan ni kò sí. Èyí ló rọrùn jù. Bí ọfà kò bá rìn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pa touchpad náà láìmọ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà I2C ló ń gbà, ó sì lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́.

Kíbọ́ọ̀dù nìkan ti tó láti fi wádìí rẹ̀. Lára àwọn bọ́tìnnì F1 sí F12, ọ̀kan sábà máa ń ní àwòrán touchpad lára. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì Fn, ó lè tan touchpad tàbí kó pa á. Lórí àwọn HP kan, iná kékeré wà ní igun òkè àwo náà lápá òsì. Bó bá ń tàn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa touchpad. Bí wọ́n bá fi ìka kan igun náà lẹ́ẹ̀mejì léra, á ṣí padà.

Ibòmíràn tó yẹ kí wọ́n wò ni BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò tí èèyàn lè wọ̀ kí Windows tó jí, bó bá tẹ F2, F10 tàbí Delete nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn. Wọ́n lè ti pa touchpad láti ibẹ̀. Lórí àwọn Acer kan, wọ́n tún máa rí àṣàyàn méjì níbẹ̀ fún touchpad. Advanced ni ọ̀nà I2C, Basic sì ni ọ̀nà PS/2. Bí wọ́n bá yí i sí Basic, Windows 7 lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí touchpad ń sọ láìná kọ́bọ̀.

Bí ìyẹn kò bá ṣe é, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ R, wọ́n á kọ devmgmt.msc, wọ́n á sì tẹ Enter. Ojú ewé tó máa ṣí ni Device Manager, tó ní orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì Tab àti àwọn tó ní àmì ọfà ni wọ́n á fi máa rìn níbẹ̀. Ohun tí kò bá ní driver máa ń ní àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè lára. Bí wọ́n bá dé orí rẹ̀, tí wọ́n tẹ Enter, tí wọ́n sì lọ sí Details, kí wọ́n wo Hardware Ids. Bí SYN bá wà nínú ohun tí wọ́n rí, Synaptics ló ṣe é. Bó bá jẹ́ ELAN tàbí ETD, ti ELAN ni. Bó bá jẹ́ ALP, ti Alps ni. Bó bá jẹ́ VEN_8086 ni wọ́n rí, ohun èlò Intel inú kọ̀ǹpútà ló ń béèrè driver, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà I2C fúnra rẹ̀ ni, èyí tí touchpad fẹ́ gbà kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ló yẹ kí wọ́n lọ, bíi ti HP, Dell, Lenovo tàbí Acer. Nọ́ńbà irú kọ̀ǹpútà náà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n á fi wá driver. Kí wọ́n rí i dájú pé driver tí wọ́n mú bá Windows wọn dọ́gba, nítorí pé ti 32-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí 64-bit. Bó bá jẹ́ Windows XP, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí wọ́n fi gbà á, kí wọ́n fi fláàṣì gbé e wá. Ìdí ni pé ọ̀nà ààbò tí ọ̀pọ̀ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò nísinsìnyí kò sí nínú ètò tó bá Windows XP wá.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Driver chipset ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ń pè ní Serial IO bí ẹ̀rọ náà bá ń lo I2C, kó tó kan ti touchpad. Ẹni tó bá fi ti touchpad ṣáájú lè rò pé driver náà kò dára, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó máa gbà kọjá ni wọn kò tíì là. Bí Windows 7 bá sì kọ driver, tó kọ Code 52 síbẹ̀, òǹtẹ̀ tó wà lára driver náà ni kò dá mọ̀. Òǹtẹ̀ SHA-2 ni àwọn driver tó jáde lẹ́yìn ń lò, Windows 7 tí kò bá sì ní àtúnṣe KB3033929 tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2015 kò lè kà á.

Ibi kan wà tí ọ̀nà máa ń pin sí. Àwọn iléeṣẹ́ kan ṣe driver Windows 7 fún àwọn kọ̀ǹpútà tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2015 sí 2016. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2016, Microsoft kéde pé Windows tuntun nìkan làwọn yóò máa ṣètìlẹ́yìn fún lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń ṣe lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni driver Windows 7 ti di ohun àwátì fún kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí BIOS rẹ̀ kò sì ní àṣàyàn PS/2, kó yáa má da owó sínú àtúnṣe touchpad. Máòsì olókùn lásán á ṣe iṣẹ́ náà. Kó kàn mọ̀ pé lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó jáde láti ọdún 2015, Windows 7 kò dá ojú USB pàápàá mọ̀ títí wọ́n á fi fi driver USB 3.0 sí i. Ọ̀nà mìíràn ni Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ti ní ògbufọ̀ fún PS/2 àti I2C nínú. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n kọ fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni bí àwo touchpad bá ń gbéra sókè, tàbí tó le débi pé kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Bátìrì tó wú lábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń fa ìyẹn. Driver kankan kò lè wo èyí sàn. Bátìrì tó wú lè gbiná, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú iná, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ewu mìíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ojú ewé kan wà tó ń pariwo pé àwọn ní driver gbogbo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á ní káwọn yẹ ẹ̀rọ wò, tí wọ́n á sọ pé àléébù rẹ̀ kò lóǹkà, kí onítọ̀hún sanwó. Fáírọ́ọ̀sì ni àwọn mìíràn máa ń dì sínú ohun tí wọ́n pè ní driver. Ẹni tí kò bá rí driver lójú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀, tàbí ti Microsoft, sàn ju ẹni tó gbà á lọ́wọ́ àjèjì lọ.

Àwọn àgbà sì ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Touchpad tó ń ṣiṣẹ́ kò sọ Windows 7 di ibi ààbò. Ní oṣù Kárùn-ún, ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry ti àwọn èèyàn mọ́ fáìlì wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì da iṣẹ́ rú láwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Windows 7 tí wọn kò fi àtúnṣe sí ló pọ̀ jù lára àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe náà jáde láti oṣù Kẹta. Nígbà yẹn, àtúnṣe ṣì ń jáde fún Windows 7. Ní báyìí, kò sí mọ́. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tó bá ń lò ó ni kí wọ́n fi mọ sórí ìtẹ̀wé tàbí ìṣirò àtijọ́ náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa da fáìlì inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí wọ́n má sì fi wọ àpò owó ní báǹkì. Windows 10 náà ti ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ tó wà fún gbogbo ènìyàn dúró.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà, tàbí níbikíbi, tó sì mọ̀ pé Windows àtijọ́ lòun máa gbé sí i, kó ṣí Device Manager kó tó sanwó, kó wo bóyá ọ̀nà I2C ni touchpad náà ń gbà, kó sì fi fóònù wo ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe é, bóyá driver Windows tó fẹ́ lò wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kó kúkú wá ẹ̀rọ mìíràn rà.