Òye Ìbánilò àti Èdè Ìlò-Oògùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìpoògùn

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìpoògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ yí padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni níbẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó rọrùn láti rò pé kò sí ìdí láti tún kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bá aláìsàn tí í ṣe Yorùbá lò. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nípa àrùn àti oògùn, ìtumọ̀ ni ó ń ṣe nígbà tí ó bá ń fún aláìsàn lóògùn. Ọ̀rọ̀ tí ó sì fi túmọ̀ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́kàn ẹni tí ń gbọ́ ọ. Òye tí yóò dí àlàfo yìí ni ó yẹ kí a pè ní òye ìbánilò, nítorí pé Yorùbá a máa yin ẹni tí ó mọ ènìyàn-án bá lò.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù. Ohun tí ń ru, ìbáà ṣe ẹmu inú agbè tàbí inú ẹni tí ń bínú, ènìyàn a máa fojú rí i tàbí kí ó mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá sì ṣe díẹ̀, a rọlẹ̀. Aláìsàn tí orí kò fọ́, tí àyà rẹ̀ kò já, yóò gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ti rọlẹ̀, yóò sì pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀, àrùn yìí kì í sábà fi àmì kankan hàn títí yóò fi ba ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́, tàbí kí ó yọrí sí rọpárọsẹ̀. Ìfúnpá gíga, tí àwọn kan ń lò, ní àbùkù tirẹ̀: ẹni tí wọn kò wọn ìfúnpá rẹ̀ rí lè rò pé apá ni ó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀ ó sàn jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń fún apá ni ó fi ṣe ẹlẹ́rìí, kì í ṣe bí ara ti ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí yóò lo ẹ̀jẹ̀ ríru kí ọ̀rọ̀ lè yéni, yóò sì fi kún un pé, "Bàbá, ara yín lè le koko kí ìfúnpá yín sì ga, ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ ọ́."

Ti kòkòrò jinlẹ̀ ju èyí lọ. Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1985, ṣàlàyé pé lójú àwọn oníṣègùn tí ó bá sọ̀rọ̀, kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń ṣe ara láǹfààní níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá pọ̀ jù. Ohun dídùn ni ó ń mú wọn pọ̀. Ohun kíkorò ni ó ń lé wọn. Orí ìmọ̀ yìí ni ilé ẹ̀kọ́ gbé kòkòrò àìfojúrí kà, bí ẹni pé ilẹ̀ òfìfo ni. Àwọn tí ń ṣe oògùn olómi fún ọmọdé a máa fi ohun dídùn sí i kí ọmọ má baà pọ̀ ọ́; kò yani lẹ́nu bí ìyá ọmọ bá fura sí adùn náà gan-an.

Nínú ọjọ́ kíkà, àṣìṣe a máa pamọ́. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́: ìjẹta kò ju ọjọ́ méjì sẹ́yìn lọ. Oògùn ibà artemether-lumefantrine, ọ̀kan lára àwọn tí ó gba ipò chloroquine ní Nàìjíríà láti ọdún 2005, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó: èkejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ sí àkọ́kọ́, mẹ́rin yòókù ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí pé "ọjọ́ mẹ́ta", ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yóò ka Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, yóò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣì kù. "Ìgbà mẹ́fà" ni ó yẹ kí ó wí. Ti ṣíbí kò gba àlàyé púpọ̀: ti tíì gba mílílítà 5, ti ìjẹun ńlá gba 15; ṣíbí lásán kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ọmọ ogún ọdún tí ó bá bi ìyá àgbà pé, "Ṣé ẹ ń mu àgbo?" ti fi ohùn adájọ́ bi í, "rárá" ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ẹ ti lò sí i nílé kí ẹ tó wá?", ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ òtítọ́. Òtítọ́ náà kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ lásán. Àdánwò lórí ẹranko ti fi hàn pé ewúro lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹni tí ń mu omi rẹ̀ mọ́ oògùn àtọ̀gbẹ lè rí i kí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ti fún àwọn olùkọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa bá ara wọn sọ. Ti ìpoògùn yàtọ̀, nítorí pé etí ẹni tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ aláìsàn kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn náà nílé. Bí ohun tí ó sọ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà ni kí wọ́n yí padà.