Àtọ̀gbẹ, Ọkàn àti Oòrùn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan nínú kíláàsì wa bi wá léèrè pé, "Ọ̀gá, àtọ̀gbẹ ń ṣe mí. Wọ́n ní fítámì D tí à ń rí lára oòrùn kì í jẹ́ kí àrùn yìí ba ọkàn jẹ́. Ṣé kí n dá oògùn mi dúró, kí n máa yá oòrùn?"

A dá a lóhùn pé, "Ẹ má dá a dúró o, Ìyá." Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin náà.

Àtọ̀gbẹ ni àrùn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ba iṣan jẹ́. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nìkan. A ní iṣan mìíràn, tín-ín-rín bí òwú, tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara. Àwọn kan lára wọn lọ sí ọkàn. Àwọn ló ń sọ fún ọkàn pé, "Yára," bí a bá ń gun òkè, tàbí, "Rọra," bí a bá jókòó.

Bí iṣan wọ̀nyí bá bàjẹ́, ọkàn lè máa sáré nígbà tí a jókòó jẹ́ẹ́. Bí a bá dìde, òòyì lè kọ́ wa, kí a sì ṣubú. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ lè má dé ara ọkàn mọ́, síbẹ̀ kí àyà má dunni rárá. Ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ òjijì, òógùn, tàbí àìlèmí délẹ̀ nìkan ni a ó rí.

Fítámì D ńkọ́? Ara ń ṣe é nígbà tí oòrùn bá kan àwọ̀. Ó wà nínú ẹja ọlọ́ràá àti pupa ẹyin. Ó ń mú eegun le. Àwọn olùwádìí rí i pé ó sábà máa ń kéré lára àwọn alátọ̀gbẹ tí iṣan ọkàn wọn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó jọ ń rìn, kì í ṣe dandan pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ní ọdún 2018, a gbọ́ àbájáde ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lára àgbà tó ju 25,000 lọ. Fítámì D kò dín àrùn ọkàn kù láàárín wọn.

Kí ló ń gba iṣan là? Ìwádìí mìíràn, tó parí ní 1993 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fi hàn. Àwọn 1,441 tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló wà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn tó kó ṣúgà wọn níjàánu dáadáa, ìbàjẹ́ iṣan fi nǹkan bí 60 nínú 100 dín kù.

Nítorí náà, ẹ lo oògùn yín. Ẹ máa rìn. Ẹ jáwọ́ nínú tábà. Ẹ rọra máa dìde. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má kàn máa gbé fítámì D mì. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ìyá yẹn kò dá oògùn rẹ̀ dúró. Ó tilẹ̀ ti ń fúnra rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.